AC mọ́tò, agbára ẹ́ńjìnnì àti epo: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra mọ́tò kàn máa ń na ọwọ́ síwájú ihò AC. Bí atẹ́gùn ibẹ̀ bá ti tutù, ó parí. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ló ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri kó lè mú tutù?

Ẹ́ńjìnnì kékeré àti ńlá

Nínú mọ́tò elépo, bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnnì fi ń yí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Agbára ẹṣin (horsepower) bíi 3 sí 5 ló sábà máa ń gbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mọ́tò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú oòrùn. Ẹ yọ 5 kúrò lára 70, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ bá ń gun òkè. Ẹ yọ ọ́ lára 250, bóyá lẹ máa fura. Ìyẹn ò ní kí ẹ tìtorí AC ra ẹ́ńjìnnì ńlá o. Epo tí òun ń jẹ láìtan AC rárá sábà máa ń ju èyí tí ẹ̀ ń sá fún lọ.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ oríṣi mẹ́ta

Èyí tó wọ́pọ̀ lára mọ́tò àtijọ́ ni èyí tí kò mọ̀ ju kó ṣiṣẹ́ tán tàbí kó dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan, kí ẹ wá tan AC: ẹ ó gbọ́ “kọ́!” níwájú, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì á rẹlẹ̀ díẹ̀, á sì tún gòkè. Bó bá rẹlẹ̀ tí mọ́tò ń gbọ̀n bí ẹni fẹ́ kú, nǹkan ń ṣe é. Ẹ pe mẹkáníìkì kí ẹ tó sanwó.

Oríṣi kejì máa ń dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù bí inú mọ́tò bá ti ń tutù. Kì í fa mọ́tò sẹ́yìn lójijì, ó sì ń ṣọ́ epo lò. Nínú mọ́tò elépo, òun ni mo fara mọ́.

Iná mànàmáná ló ń yí ẹ̀kẹta, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ hybrid (mọ́tò tó ń lo epo àti iná mànàmáná pọ̀) àti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo mọ́tò oníná. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ́ńjìnnì hybrid lè kú kí AC ṣì máa tutù lọ. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́: bí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tún tan ara rẹ̀. Ti mọ́tò oníná, ibi tó lè rìn dé ló ń dín kù.

AC tàbí fèrèsé?

Bí eré ò bá pọ̀, fèrèsé ló ṣọ́ epo jù. Bí eré bá pọ̀, atẹ́gùn tó ń kó wọlé á máa fa mọ́tò sẹ́yìn, AC á wá dáa jù. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní, nínú ooru líle, AC lè gba ju ìdá 25 nínú 100 lọ lára ìrìn tí epo mọ́tò ì bá gbé e, pàápàá bí ìrìn bá kúrú. Ìdí ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ AC pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí ooru jáde, kí ẹ tó tì í tan AC.

Bó bá jẹ́ àlòkù

Ẹni tó ń tà á lè ní “gáàsì lásán ló kù”. Gáàsì AC kì í tán bí epo. Bó bá dín, ó jò ni. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ dí ibi tó ń jò, kó rọ gáàsì sí i, kí ẹ tó dá owó lé e.