Ẹ ka eyín differential iwájú kí ẹ tó sanwó! Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ oní-tòkunbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá differential, ìyẹn àwọn gíà abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, nítorí táyà ńlá n'Ìbàdàn, ẹ dúró ná. Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan ti gba ₦620,000 lọ́wọ́ mi, ó gba differential méjì tó dáa tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi mọ́ ọn, irin tó sì fún mi fún ti iwájú, àwọn tó ń ra irin àlòkù nìkan ló lè rí nǹkan fi ṣe.

Hilux àtijọ́ ni mò ń wà, irú èyí tí iwájú rẹ̀ náà ní axle gbọọrọ, irin tó so táyà méjì pọ̀, bíi ti ẹ̀yìn. Oko mi wà ní ìhà Ìdó. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà táyà kékeré mọ́. Mo yọ táyà íǹṣì 29, mo fi íǹṣì 33 sí i. Ọkọ̀ ga, ó sì wuyì, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lọ. Bí mo bá kó pákí sẹ́yìn, gíà kìíní ni mo fi ń gun Òkè Mápó, bí ẹni tó ń ti ọmọlanke. Nọ́ńbà differential mi látilẹ̀ ni 4.10, ìyẹn iye ìgbà tí ṣáàfù (irin gbọọrọ tó ń gbé agbára wá sí differential) máa yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 33, kí ẹ wá fi 29 pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi 4.67. Èyí tó sún mọ́ ọn tó sì gba ẹrù ni 4.88. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi ni mo ṣírò rẹ̀. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ rà.

Orí WhatsApp ni mo ti rí àwòrán wọn. Méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ 4.88 sára ìkọ̀ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà síbí. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó béèrè àwọn ọmọ. Ó gbàdúrà fún oko mi, mo sì ṣe àmín! Ó ní ₦700,000 ni, ó ní òun máa gba méjèèjì tó wà lábẹ́ ọkọ̀ mi ní ₦80,000, kí n san ìyókù. Ó ní ẹnìkan ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó fẹ́ kó wọn. Orúkọ tó wà lára àkáǹtì kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ní ti ìyàwó òun ni. Mo rí i. Mo rí i kedere, mo sì san án.

Mo ka eyín ti ẹ̀yìn. Crown, gíà ńlá inú rẹ̀, ní 39, pinion, gíà kékeré tó ń yí i, ní 8. Ẹ fi 8 pín 39, 4.88 náà ni. Ọkàn mi balẹ̀. Ti iwájú wà nínú ọ̀rá, gíríìsì bò ó mọ́lẹ̀, òjò ti ṣú. Mẹkáníìkì mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tú eléyìí náà wò." Oníṣòwò yẹn ní inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti tú àwọn méjèèjì. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ilẹ̀ ń ṣú. Èmi ni mo sọ ọ́. Ẹnu ara mi ni.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun gbogbo dára. Mi ò lọ́ọ̀kì hub iwájú, ohun tó ń so táyà iwájú mọ́ axle, ti ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gíà kejì ni mo sì fi ń gun Òkè Mápó pẹ̀lú ẹrù. Inú mi dùn débi pé mo fún ọ̀rẹ́ mi méjì ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn. Èyí ló dùn mí jù. Mo ti pè wọ́n, mo ti bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan ti san owó àsansílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò rọ̀ mọ́jú. Mo lọ́ọ̀kì hub, mo fà á sí four, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa ṣiṣẹ́. Nínú ẹrẹ̀, mi ò mọ nǹkankan, torí ẹrẹ̀ máa ń jẹ́ kí táyà yọ̀. Ìgbà tí mo dé orí ilẹ̀ pupa tó le ni steering bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo fa ọ̀pá four, kò jáde. Mo tún fà á, kò jáde. Ọkọ̀ ń fà tìkọ̀ bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́gi. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ọ́ìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. ₦45,000 ni mo fi wọ́ ọkọ̀ délé.

A tú u. Crown ti iwájú ní eyín 41, pinion ní 10. 4.10! Nọ́ńbà kan náà tí mo ní tẹ́lẹ̀! Ó gba 4.10 tèmi tó dáa, ó fi 4.10 ẹlòmíràn tó ti bàjẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó kọ 4.88 sí i lára! Eyín mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi iná jó, tí wọ́n lọ̀ dán, tí wọ́n fi gíríìsì bò. Ẹ gbọ́ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ẹ bá fi four rìn, ṣáàfù iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa yí bákan náà. Pẹ̀lú 4.88 lẹ́yìn àti 4.10 níwájú, lórí táyà 33, ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 yíyí nínú kìlómítà kan. Irin wo ló máa gba ìyẹn mọ́ra?

Mo pè é. Ó ní èmi ni mo fi four sáré lórí títì. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti dè mọ́ ọkọ̀ kì í padà. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ní báyìí, kò gbé ìpè mi.

Ó dáa, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ máa ṣe, kíákíá. Ẹ ka eyín crown àti pinion ti MÉJÈÈJÌ, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ nu gíríìsì kúrò pátápátá, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo eyín lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára crown àti ti pinion gbọ́dọ̀ bára mu, torí méjèèjì ni wọ́n jọ lọ̀ pọ̀. Bó bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ jáàkì ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì tó wà lórí axle náà, gíà kó wà ní fíríì, kí ẹnìkan di ẹsẹ̀ kan mú, kí ẹ yí èkejì lẹ́ẹ̀mejì gééré: bí ṣáàfù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lẹ́ẹ̀marùn-ún, 4.88 ni. Ẹ má ju ti yín tó dáa dà nù.

Àwọn kan máa sọ pé ojúkòkòrò ló mú mi. Ojúkòkòrò wo? ₦700,000 ni ojúkòkòrò? Kì í ṣe ọjà ọ̀fẹ́ ni mo lọ gbà. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo mẹkáníìkì mi pé ṣé òun náà kò mọ̀ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ló dè é mọ́lẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ti sọ fún mi pé ká tú u wò, èmi ni mi ò gbọ́. Síbẹ̀ mo wò ó. Bí wọ́n ṣe ba ọkàn mi jẹ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ta tòkunbọ̀ báyìí, bó ti wù kó ṣàdúrà tó, olè ni lójú mi títí a ó fi jọ ka eyín.

Mo ti yọ ṣáàfù iwájú. Ẹ̀yìn nìkan ni mo fi ń rìn, pákí mi tó kù sì wà nínú ilẹ̀ ní Ìdó torí mi ò lè wọ ẹrẹ̀ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní differential iwájú Hilux àtijọ́ tó jẹ́ 39 àti 8, kó bá mi sọ̀rọ̀. Màá gbé tọ́ọ̀ṣì àti àkísà wá. Lójú mi ni a ó ti nù ún, tí a ó ti kà á. Mi ò ní san owó àsansílẹ̀.