Mo wo Game of Thrones tán nítorí Sansa, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé tí mo bá wo eré tẹlifíṣọ̀n Game of Thrones yìí tán màá sọ bó ṣe rí lára mi, mo sì ti wò ó tán báyìí, ẹ́písóòdù 73, apá 8, èyí tí HBO bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011 tí wọ́n parí lọ́dún 2019. Àbúrò mi tó ń gbé Àbújá ló ra páálí DVD ẹ̀ lódindi fún mi, ó ní "Àǹtí mi, ẹ má wò ó torí drágónì o, ọmọbìnrin onírun pupa yẹn ni kẹ́ ẹ máa wò", mo sì ṣe bó ṣe wí. Torí náà ọ̀rọ̀ Sansa Stark ni mo fẹ́ sọ, ọmọ ìjòyè tí wọ́n há mọ́ ilé onílé títí tó fi di ọba.

Kí n kọ́kọ́ sọ bá a ṣe wò ó. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Kàbà níbí, tá a bá ti pa máṣíìnì lálẹ́ tí sólà bá ṣì gbé e, a ó wo ẹ́písóòdù kan, nígbà míì méjì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì tó dàgbà ń bá mi wò ó, màmá mi náà á wá jókòó tì wá, wọn ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mò ń túmọ̀ ẹ̀ sí Owé, èdè wa ní Kàbà, fún wọn. Subtitle tó wà lórí DVD yẹn ló ràn mí lọ́wọ́, torí òyìnbó táwọn ará Àríwá inú eré yẹn ń sọ le gan-an, ẹ tan subtitle yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má pa á rárá. Páálí náà dáa, àwòrán ẹ̀ mọ́ rekete, àmọ́ disc kan nínú apá kẹrin ti ní àpá nígbà tá a ṣí i, ó ń dúró sójú kan níbi ìgbéyàwó ọba Joffrey, àfìgbà tí mo fi aṣọ kọ́tìnnì rírọ̀ nù ún láti àárín síta kó tó lọ. Kì í sì í ṣe eré ọmọdé o! Ìhòòhò wà níbẹ̀, wọ́n ń bẹ́ orí èèyàn, wọ́n ń fipá bá obìnrin lò pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù, ilé ni mo máa ń ní kó lọ.

Ó yá, Sansa. Bàbá ẹ̀, Ned Stark, ló ń ṣàkóso ilẹ̀ Àríwá, Winterfell ni wọ́n ń pe ilé wọn. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó kàn fẹ́ fẹ́ ọmọ ọba ni, ọ̀rọ̀ aṣọ àti orin àti Joffrey ọmọ ọba yẹn ló wà lórí ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ìyẹn. Èmi fẹ́ràn ẹ̀, torí pé abẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú ẹ́písóòdù àkọ́kọ́ gan-an ó jókòó ó ń ránṣọ, obìnrin tó ń kọ́ wọn wá ń yin iṣẹ́ ẹ̀, ó ń yin ohun tó ṣe sí igun aṣọ náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì yíjú wò mí, torí ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo igun mọ́ wọn.

Wọ́n wá bẹ́ orí bàbá ẹ̀ ní King's Landing, olú ìlú ọba, níṣojú ẹ̀, láti ìgbà yẹn ó di ẹni à-há-mọ́lé. Wọn ò fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é o, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Yàrá tó dáa ló ń sùn, ó ní ìránṣẹ́, ó ń wọ aṣọ olówó ńlá, ó ń bá wọn jẹun lórí tábìlì, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ lọ síbì kankan. Níparí apá kìíní, Joffrey tó ti di ọba mú un gòkè lọ wo orí bàbá ẹ̀ lórí ọ̀pá, ó ní òun á gbé orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà wá bá a, Sansa sì dá a lóhùn pé bóyá ẹ̀gbọ́n òun ló máa gbé orí tìẹ wá. Wọ́n gbá a létí, ẹ̀jẹ̀ yọ lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ bá Joffrey níbi tó dúró sí létí àfara yẹn, mò ń ka subtitle lọ ní tèmi, àfi bí màmá mi ṣe pariwo pé "ọmọ yẹn fẹ́ tì í!" Wọn ò gbọ́ òyìnbó, ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni wọ́n ń wò. Òótọ́ sì ni, ọpẹ́lọpẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Hound tó sáré dá a dúró, tó ń fi aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu ẹ̀ fún un, bí ìyẹn náà sì ṣe dá ẹ̀mí ẹ̀ sí nìyẹn.

Àtìgbà yẹn ni ọmọ náà ti yí ohùn padà. Tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ọ̀dàlẹ̀ ni bàbá òun, ọ̀dàlẹ̀ ni màmá òun, ọ̀dàlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun, Joffrey ni òun fẹ́ràn. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn ojo ni. Àmọ́ ẹ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, níbi tí Joffrey ti fẹ́ pa ọkùnrin ọ̀mùtí kan tó ń jẹ́ Dontos lọ́jọ́ ìbí ara ẹ̀, Sansa ló sáré sọ pé èèwọ̀ ni kéèyàn pa èèyàn lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, ó tún ní kó kúkú sọ ọ́ di aláwàdà ààfin, wọ́n sì dá a sí. Màmá mi ní "ahọ́n ló fi ra ẹ̀mí yẹn". Wọ́n wá sọ̀rọ̀ ogun Nupé fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ará Bídà ń wá kó èèyàn ní ilẹ̀ Òkun lọ́rùndún 19, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá kó lọ, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ́ ni èdè ẹni tó kó o, tí kò bá tètè gbọ́ ọ, wọ́n á ta á lọ síbi tó tún jìnnà. Ohun tí Sansa ń kọ́ nínú ààfin yẹn nìyẹn, èdè àwọn tó mú un.

Ìgbéyàwó ẹ̀ pẹ̀lú Tyrion, àbúrò màmá Joffrey, nínú apá kẹta, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo tún fi wò ó. Lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá ń ṣègbéyàwó, ọkọ á bọ́ aṣọ ìlékè ilé bàbá ìyàwó kúrò léjìká ẹ̀, á da aṣọ ilé tiẹ̀ bò ó. Tyrion kúrú, ó fẹ́ gun àpótí, Joffrey wá yọ àpótí yẹn lọ káwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín. Sansa ló kúnlẹ̀ kí aṣọ yẹn tó lè dé èjìká ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú gan-an, mi ò lè túmọ̀ ẹ̀ fún màmá mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n fún Joffrey ní májèlé jẹ lápá kẹrin, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Littlefinger ló gbé e sá lọ sí ilẹ̀ Vale. Ọgbọ́n ọkùnrin yẹn pọ̀, inú ẹ̀ sì burú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ o, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ tèmi ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá burúkú ló kàn ní. Littlefinger ti Lysa, àǹtí Sansa, sínú ihò ikú, àwọn ìjòyè Vale wá ń wádìí, Sansa jókòó síwájú wọn, ó sunkún, ó sọ òótọ́ díẹ̀ ó pa irọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, ó ti pa irun ẹ̀ láró dúdú, ó wọ aṣọ dúdú tó ní ìyẹ́ ẹyẹ léjìká. A dá a padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta ká lè wo bí wọ́n ṣe to ìyẹ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó kàn yìí le o, apá karùn-ún. Littlefinger yìí kan náà ló mú un padà sí Winterfell, ilé bàbá ẹ̀, láti fi fún Ramsay Bolton níyàwó, àwọn Bolton tó lọ́wọ́ nínú ikú ẹ̀gbọ́n àti màmá ẹ̀. Ọ̀rẹ́bìnrin Ramsay ló wẹ̀ ẹ́ kí ìgbéyàwó tó wáyé, aró dúdú yẹn ń ṣàn kúrò lórí ẹ̀ sínú omi, irun pupa ń jáde padà, ọmọbìnrin yẹn sì ń ka orúkọ àwọn obìnrin tí Ramsay ti pa fún un bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Sansa dá a lóhùn pé Sansa Stark ti Winterfell ni òun, ilé òun nìyí, kò lè dẹ́rù ba òun. Àmọ́ lálẹ́ yẹn Ramsay fipá bá a lò pọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn látọjọ́ yẹn, nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ẹjọ́ tí mo ní sí àwọn tó ṣe eré yìí ni pé ojú Theon, ọmọkùnrin tó dàgbà nílé bàbá Sansa tí Ramsay ti sọ di ẹrú, tí wọ́n fipá mú wò ó ni wọ́n yí kámẹ́rà sí, bíi pé Theon ló ń jìyà. Nínú ìwé tí George R. R. Martin kọ, Sansa kọ́ ni wọ́n tiẹ̀ fún Ramsay, ọ̀rẹ́ ẹ̀ Jeyne Poole ni, tí wọ́n pè ní Arya, àbúrò Sansa. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé e fún Sansa ni, ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́ ká rí ojú ẹ̀.

Ohun tó ṣe nínú yàrá yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín wò dáadáa. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn ti sọ fún un pé tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ kó tan àbẹ́là sójú fèrèsé ilé ìṣọ́ tó ti wó. Ó gbé àbẹ́là fún Theon, Theon lọ fẹjọ́ sùn, Ramsay bó ìyá yẹn láwọ. Ẹlòmíì ì bá jókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tí Ramsay mú un jáde sórí odi, ó rí irin tí wọ́n fi ń ṣí ìgò wáìnì, ó rọra mú un, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irin yẹn ló fi ṣí ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ogun, ó gòkè, ó tan àbẹ́là náà fúnra ẹ̀. Brienne, obìnrin jagunjagun tó fẹ́ gbà á là, tó ti ń ṣọ́ fèrèsé yẹn lójoojúmọ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀yìn padà lọ bá Stannis tó wá gbógun ti Winterfell jà ni, kò rí iná yẹn, kò rí i rárá, gbogbo wa ló pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù! Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, òun àti Theon di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n bẹ́ látorí odi sínú yìnyín.

Nínú apá kẹfà ó bá Jon, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ míì, ní Castle Black, ibùdó àwọn tó ń ṣọ́ ààlà Àríwá, kò sì pẹ́ tó fi rán aṣọ ìlékè fún un, irú èyí tí bàbá wọn máa ń wọ̀, ó kọ orí ìkookò ilé wọn sára awọ ẹ̀. Àwa tá a mọ ilẹ̀ Bùnú, tá a mọ aṣọ pupa tí wọ́n máa ń hun fún ìsìnkú àwọn àgbà ọkùnrin, a mọ̀ pé aṣọ lè sọ irú ẹni téèyàn jẹ́ kó tó lanu. Aṣọ yẹn ni Jon wọ̀ kiri láti bẹ àwọn ìjòyè Àríwá pé kí wọ́n bá wọn jà. Nígbà tí ogun fẹ́ pa wọ́n run, Sansa ló ti kọ lẹ́tà síta lábẹ́lẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́ṣin Vale fi dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí lápá keje, Jon lọ, òun ló ń darí Winterfell, ó ń ka ọkà tó wà nínú àká torí òtútù, ó wo irin àyà tí wọ́n ń rọ fáwọn ọmọ ogun, ó bi wọ́n pé ṣé kò yẹ kí wọ́n fi awọ bò ó ni. Aránṣọ ló lè béèrè ìyẹn! Lẹ́yìn náà ló pe Littlefinger síwájú gbogbo ìjòyè, ó fi ẹjọ́ tí kò retí kàn án, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, ó sì kí i pé ẹ ṣé fún ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ kọ́ mi, Arya sì dúńbú ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ní "ó ti gba fríìdọ́ọ̀mù nìyẹn".

Mo fún un ní 4 nínú 5. Apá kẹjọ yẹn, ẹ́písóòdù 6 péré, wọ́n sáré pa á pọ̀. Ohun tó gba ìkan yẹn lọ́wọ́ mi gan-an ni ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi sí Sansa lẹ́nu nígbà tó ń bá Hound sọ̀rọ̀, pé láìsí Littlefinger àti Ramsay àti àwọn tó kù, ẹyẹ kékeré ni òun ì bá jẹ́ títí ayé. Mi ò gbà. Ramsay kọ́ ló kọ́ ọ ní irin ìgò, Joffrey kọ́ ló kọ́ ọ ní ohun tó sọ láti fi gba Dontos là. Ó ti ń wo igun aṣọ láti kékeré. Àwọn tó jẹ ẹ́ níyà ò kọ́ ọ níṣẹ́ kankan, òun ló ń wò wọ́n.

Àmọ́ ìgbẹ̀yìn yẹn! Nígbà tí àwọn ìjòyè kó jọ láti yan ọba, ó sọ fún Bran àbúrò ẹ̀ tí wọ́n yàn níwájú gbogbo wọn pé Àríwá ò ní sin ẹnikẹ́ni mọ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ìjọba mẹ́fà nínú méje ló kù fún Bran. Wọ́n wá fi Sansa jọba ní Winterfell, Sophie Turner tó ṣe Sansa ò ṣe nǹkan kan tó pọ̀ níbẹ̀, ó kàn rìn ni, wọ́n dé adé olórí ìkookò méjì lé e lórí, aṣọ yẹn ní iṣẹ́ ewé pupa lára apá ẹ̀, àwọn tó yí i ká ń kígbe Ọbabìnrin Àríwá. Màmá mi dìde dúró.

Ẹni tó bá fẹ́ yá páálí náà ní Kàbà kó wá sí ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ disc tó kẹ́yìn ò sí níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló gbé e lọ sílé, ó ń wo apá aṣọ yẹn, ó ní òun fẹ́ rán an fún oníbàárà kan tó fẹ́ jẹ oyè.