Ìkìlọ̀: gíramafóònù ọlọ́dà wúrà tó ń rìn láti Kàbà dé Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, pé kí n bá òun wo gíramafóònù kan, ẹ̀rọ aláfọwọ́yí tó ń kọ orin inú àwo, kí òun tó sanwó. Bí mo ṣe ṣí i, àyà mi já. Irú àpótí yẹn, irú fèrè ńlá yẹn, ọ̀dà aláwọ̀ wúrà yẹn gẹ́lẹ́ ni ọkùnrin kan fi gba ₦180,000 lọ́wọ́ mi ní Kàbà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìtìjú ló ti ń pa mí lẹ́nu mọ́ tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi fi àwo àtijọ́ sílẹ̀ fún wa, àwọn dúdú wúwo tó ń fọ́ bí ìkòkò bó bá já bọ́. Zonophone wà nínú wọn, iléeṣẹ́ tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin fún ní Lọ́ńdọ́nù lọ́dún 1922. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹ̀rọ tí mo lè fi gbọ́ wọn láìlo iná, torí ọ̀rọ̀ iná wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. “Dádì,” ó ní, “Edison gidi nìyí. Òyìnbó Titcombe ló gbé e dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908. Ọ̀dà lásán lẹ̀ ń wò yìí. Ẹ jẹ́ kí kàfíńtà họ ọ́ kúrò, igi gidi lẹ máa bá lábẹ́ rẹ̀.” Orúkọ Titcombe yẹn ló mú mi, torí 1908 ni òyìnbó míṣọ́nnárì náà dé Ẹ̀gbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi òótọ́ kan bo gbogbo irọ́ yòókù.

Ẹ wo irọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tí Edison ṣe ní 1877, àti èyí tó ń tà ní 1908, wọn kì í lo àwo pẹlẹbẹ. Ohun roboto gígùn bí agolo mílíìkì ni wọ́n ń lò: ti 1877, fọ́ìlì irin ni wọ́n wé mọ́ ọn; ti 1908, ìda ni wọ́n fi ṣe é. Emile Berliner ló mú àwo pẹlẹbẹ wá ní 1887. Nígbà tí Edison fi máa ta ẹ̀rọ aláwo tirẹ̀, ó ti di 1912, inú àpótí sì ni fèrè rẹ̀ wà. Èyí tó wà níwájú mi, àwo pẹlẹbẹ ló ń lò, fèrè rẹ̀ sì yọ síta bí òdòdó elégédé. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó dé ọjà o! Ojúkòkòrò ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ó ní kí n gbọ́ bó ṣe ń kọrin. Ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ bí ìgbà mẹ́wàá, ó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, orin ìyìn sì bẹ̀rẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dún kìì. Mo na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́, ó yára dá mi dúró: “Ẹ má fọwọ́ kàn án, Dádì, ó ti dàgbà.” Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Nígbà tí mo délé, mo yí i, àwo ń yí lóòótọ́, àmọ́ ohun tí mo gbọ́ kò ju ìró eku tó ń họ pákó lọ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. LP ni àwo tó gbé sí i lọ́jà, èyí tó yẹ kó yí ìgbà 33 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gíramafóònù aláfọwọ́yí, 78 ni tirẹ̀. Ohùn olórin yẹn ì bá máa sáré, kó tín-ín-rín bí ti ọmọdé. Orin náà sì ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kan àwo àtijọ́ oníínṣì mẹ́wàá kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo tú ìdí àpótí. Mo bá ojú ibi onígun mẹ́rin kan tó mọ́ ju àyíká rẹ̀ lọ, gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Sípíkà Bluetooth ni wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Fóònù àpò rẹ̀ ló ń kọrin fún mi. (LP ìyàwó mi kan tí mo fi dán an wò bá a lọ pẹ̀lú, abẹ́rẹ́ irin kì í fi irú àwo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìpa á lára.)

Ọ̀dà yẹn wá ńkọ́? Òun gan-an ni ọ̀gá oníjìbìtì. Mo fi tíńnà nu igun kan. Wúrà kúrò, àwọ̀ pupa rúsúrúsú yọ. Pupa kúrò, bọ́dì-fílà tí àwọn páńbítà ń lò yọ, ó nípọn tó èékánná. Lábẹ́ rẹ̀, plywood. Kàfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: “Alàgbà, igi tí òyìnbó gbé wá ní 1908 nìyí?” Fèrè tó ní idẹ ni, irin òòfà tí mo yọ lára sípíkà tó bàjẹ́ gbá a mú pátápátá; òòfà kì í mú idẹ. Síkúrù onísítà ló fi de gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà àwọn ọdún 1930 ni irú síkúrù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Apá tó gbé abẹ́rẹ́ náà ti sán. Irin àdàlù síńkì ni, irú rẹ̀ máa ń wú, ó máa ń sán fúnra rẹ̀ bó bá dàgbà, kò sì sí wẹ́dà tó lè jó o padà. Ọ̀dà ni wọ́n fi dí ojú sísán náà.

Mo gbé mọ́tò inú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún aago ṣe. Ó ní ti gíramafóònù kékeré kan ni wọ́n tú, pé ọ̀dà ti dà sára àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń ṣàkóso eré rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣí agolo tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀: bó bá fò jáde, ó lè gé ìka.

Mi ò ní gbogbo èyí tí wọ́n bá kùn ni kò dára. Mo rí ọ̀kan ní Ìyàrà lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀dà fèrèsé aláwọ̀ ewé kùn ún. Mo gbé abọ́ tí àwo ń jókòó lé kúrò, torí ẹni tó ń kun nǹkan kì í rántí abẹ́ ibẹ̀, mo sì bá igi dídán tòótọ́. ₦60,000 ni wọ́n pè é. Mo ṣì ń rò ó, torí ohun tí yóò mú ọ̀dà yẹn kúrò lè jẹ ìdán àtijọ́ abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ìdán yẹn gan-an sì ni àwọn tó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ ń sanwó fún. Ẹ má sì fi spirit nu àwo 78 yín o, yóò yọ́.

Nọ́ńbà ọkùnrin náà kò lọ mọ́, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí mo san owó sí kì í sì í ṣe èyí tó sọ fún mi. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó má sanwó. Bó bá dé Mọ́pà tàbí ọ̀dọ̀ tiyín, ẹ jẹ́ kó yí i, ẹ jẹ́ kó kọrin dáadáa, kí ẹ wá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo fúnra yín, kí ẹ gbọ́ bóyá orin á dúró.