Sípánà tó dé ibi tí ọwọ́ mi ò dé

Ìró kan ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. Ọkọ̀ ojú omi mi la fi ń bọ̀ láti Falmouth, ìlú èbúté kan ní England, lóṣù kẹta, atẹ́gùn wà lẹ́yìn wa, gbogbo ìgbà tí ìgbì bá sì gbé ìdí ọkọ̀ sókè ni mo ń gbọ́ "kọ̀, kọ̀" lápá òsì. Nígbà tí mo di ìtọ́kọ̀ mú, ìyẹn pátákó ìdí ọkọ̀ tí a fi ń darí rẹ̀, ó ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín tó fẹ́ yọ. Irin tó gbé e kọ́ sára igi ìdí ọkọ̀ ti dẹ̀. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin ló de irin náà mọ́lẹ̀, orí wọn wà níta, nọ́ọ̀tì wọn wà nínú. Inú yẹn gan-an ni wàhálà wà.

Tangaroa ni ọkọ̀ mi, catamaran onígi, ikùn méjì tí a fi ìtì igi dè pọ̀. Ẹnì kan ló fi pílíwúùdù kàn án lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀ lọ́dún 1976. James Wharram, ará Britain tó kú lọ́dún 2021, ló yàwòrán irú rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ará Polynesia, àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì, ni Wharram gbà gbọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1950, òun àti obìnrin méjì ará Jámánì fi ọkọ̀ oníkùn méjì tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 24 la Àtìláńtíìkì já dé Trinidad. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan òmíràn, Rongo, tí wọ́n fi padà wálé ní 1959. Nínú àwọn ọkọ̀ Tiki tó yà lẹ́yìn ìgbà yẹn, okùn ló fi so ìtọ́kọ̀ mọ́ra. Tèmi ti wà ṣáájú ìyẹn, irin àti bọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀.

Ikùn ọkọ̀ náà rí bíi lẹ́tà V, ó sì ń tín-ín-rín bó ṣe ń sún mọ́ ìdí. Téèyàn bá ti ẹnu ihò na apá wọlé dé èjìká, ìka ló máa kan nọ́ọ̀tì, àtẹ́lẹwọ́ ò ní dé ibẹ̀. Èyí tó tún le jù ni pé ègé igi kan dábùú níwájú àwọn nọ́ọ̀tì náà, kò jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé tààrà. Mo fi téèpù so sípánà olóòrùka mọ́ igi ìgbálẹ̀, kò gbé e. Ọmọ mi obìnrin, tí apá rẹ̀ tín-ín-rín ju tèmi lọ, gbìyànjú títí ó fi bó lápá. Mo ní kó jáde.

Ohun tí mo wá rà nìyí, tórí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ̀wé: àpótí sípánà tí wọ́n ń pè ní crowfoot, ẹyọ mẹ́wàá, láti mílímítà 10 dé 19, pọ́ọ̀n 28, pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré olókùn gígùn tí wọ́n ń ki bọ fóònù, pọ́ọ̀n 19. Ẹnu sípánà nìkan ni crowfoot, kò ní ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ ì bá wà, ihò onígun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, irin gígùn ọlọ́ráṣẹ́ẹ̀tì lèèyàn ń ki bọ̀ ọ́. Nítorí pé irin náà kò sí níwájú nọ́ọ̀tì gan-an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ègé igi yẹn kọjá, ẹnu sípánà sì lọ jẹ nọ́ọ̀tì láti ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ mú un, mo kígbe.

Ẹ má rò pé inú lẹ ti máa yí i o. Àyè ò gba irin láti lọ síwá sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì lẹ máa fi crowfoot dì mú, kó má yí, orí bọ́ọ̀tì níta lẹ máa yí. Mo fi rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ fa irin náà mọ́ igi ara ọkọ̀ kó má baà bọ́, mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo sì dá nìkan fún bọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní odò wa, nígbà tí òṣùpá bá kún tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, omi ń ga, ó ń fà tó mítà 5, ọkọ̀ oníkùn méjì sì ń jókòó dáadáa lórí ẹrẹ̀ láìsí igi àtìlẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ yọ bọ́ọ̀tì kúrò pátápátá nígbà tí omi bá fà, kó gbẹ́ èdídí igi sílẹ̀ fún ihò náà, torí omi ò ní dúró dè é.

Àbùkù rẹ̀ ńkọ́? Méjì nínú bọ́ọ̀tì mi jẹ́ ti àtijọ́, oní-íńṣì, nọ́ọ̀tì wọn sì jẹ́ 9/16. Ẹnu 14 ò wọ̀ ọ́. 15 wọ̀ ọ́, àmọ́ ó ṣò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ igun nọ́ọ̀tì. Mo dúró, mo lọ ra ẹyọ 9/16 lọ́tọ̀ ní pọ́ọ̀n 6. Méjì yòókù jẹ́ M10, ìyẹn bọ́ọ̀tì oní-mílímítà 10, ọ̀kan gba 17, èkejì gba 16, torí pé òṣùwọ̀n nọ́ọ̀tì M10 ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wọn tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó. Irin wọn máa ń dípẹtà nínú afẹ́fẹ́ oníyọ̀ bí ẹ kò bá fi òróró nù wọ́n, ẹnu 17 inú àpótí mi sì ti ya díẹ̀. Ti kámẹ́rà, àwòrán rẹ̀ mọ́ téèyàn ò bá sún un mọ́ nǹkan jù, àmọ́ okùn rẹ̀ rọ̀, mo ní láti so ó mọ́ wáyà líle.

Kí n sọ èyí tó ká mi lára jù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fún bọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn, ìró náà padà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́, agbẹ́kọ̀ ni wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fún un dáadáa, ó tún ti dẹ̀."

"Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò rí i, inú kọ̀rọ̀ ni."

"Má fún un mọ́. Tú u, kó o fi ṣóńṣó irin gún igi náà wò."

Kámẹ́rà ló jẹ́ kí n rí i: wáṣà ti rì sínú igi, igi tó yí i ká sì ti dúdú. Nígbà tí mo fa bọ́ọ̀tì kan jáde, àárín rẹ̀ ti jẹ, ó rí bí egungun tí ajá họ. Irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà ni o! Afẹ́fẹ́ ló ń dáàbò bò ó. Bí ó bá ń gbé inú igi tútù tí afẹ́fẹ́ ò dé, jíjẹ ló ń jẹ. Omi ló ti gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀tì wọlé, igi rọ̀, wáṣà kékeré ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, gbogbo fífún tí mo ń fún un sì ń bà á jẹ́ sí i.

Mo jẹ́ kí igi náà gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ ihò kọ̀ọ̀kan láti 10 dé 16, mo ha igi jíjẹrà kúrò, mo fi epoxy, gọ́ọ̀mù tó ń le koko, tí a pò ki dí i, mo sì lu ihò tuntun sáàárín rẹ̀, kí omi má baà kan igi mọ́ láé. Mo fi pátákó irin kan gbòòrò rọ́pò wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú. Nọ́ọ̀tì tuntun ni mo lò, mo fi gíríìsì pa ara bọ́ọ̀tì, torí irin yìí máa ń gan mọ́ra wọn, wọn ò sì ní ṣeé tú mọ́. Ẹ má lo òṣùwọ̀n fífún tí wọ́n kọ fún irin sí irin. Igi lẹ ń fún mọ́ra, ẹ dúró níbi tí pátákó irin bá ti jókòó. Crowfoot yẹn náà ló di gbogbo rẹ̀ mú, láìsí i, ǹ bá ti gé ojú ọkọ̀ ṣí.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún àpótí sípánà náà, mẹ́ta ni mo fún kámẹ́rà. Láti ìgbà náà, a ti lọ sí odò Helford, a sì ti padà lẹ́ẹ̀mejì, ìtọ́kọ̀ òsì dákẹ́. Tọ̀tún ò tíì ké, àmọ́ ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n, lóṣù kẹwàá ni mo máa tú bọ́ọ̀tì ibẹ̀. Mo ti ra ẹyọ 9/16 kejì sílẹ̀.