Àgbéyẹ̀wò: Ohun èlò tó ń mú jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù lo gáàsì páìpù nílé (Houston)

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé fóònù nílé iṣẹ́ tó ta ohun èlò yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí gáàsì páìpù, àfi bí AC bá gbéra: ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, iná á máa ṣẹ́jú, fólítéèjì á já láti 240 sí ìsàlẹ̀ 200. "Ẹ tún skúrù yẹn yí" ni ìdáhùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí gbogbo ìbéèrè; skúrù tó ń díwọ̀n gáàsì tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Nígbà tí skúrù kò ṣe é, ó ní kábúrétọ̀ ló bàjẹ́, ká kó gbogbo rẹ̀ padà, ká sì fi owó ara wa san owó ìfiránṣẹ́. Kò béèrè bí páìpù ṣe fẹ̀ tó tàbí bó ṣe gùn tó rárá! Èèyàn á ta nǹkan gáàsì, kò sì ní béèrè páìpù?

Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló wá gba fóònù. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́: kí ni manometer, ìyẹn ohun tó ń wọn agbára tí gáàsì fi ń tì nínú páìpù, ń kà nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́? Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, ó ń ka 7 bó ṣe yẹ (íǹṣì omi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n). AC gbéra, ó já sí ìsàlẹ̀ 4. Ó ti mọ ibi tó ti bàjẹ́ nìyẹn: páìpù ti tín-ín-rín jù. Páìpù irin ½ íǹṣì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 50 kì í gbé ju gáàsì tó ní nǹkan bíi BTU 72,000 (BTU ni ìwọ̀n ooru tó wà nínú gáàsì) lọ ní wákàtí kan, jẹnẹrétọ̀ tó sì gbé ẹrù 5,000 wáàtì lè fẹ́ tó 90,000. Tí ẹ̀rọ amómigbóná bá tún ń fà lára páìpù kan náà ńkọ́? Páìpù ¾ ń gbé nǹkan bí 150,000 ní gígùn kan náà. Ó fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú oníṣẹ́ páìpù lórí fóònù, ó sì fi hóòsì ¾ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, torí pé ½ ni wọ́n kó sínú páálí. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni skúrù tó wúlò. Ẹ ti bẹntiróòlù, ẹ jẹ́ kó jó tán nínú kábúrétọ̀. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ lórí gáàsì, ẹ gbé ẹrù tó wúwo lé e, ẹ yí skúrù wọlé títí ẹ́ńjìnnì fi ń tiraka, ẹ yí i jáde títí tó fi tún ń tiraka, kẹ́ ẹ wá fi í sí àárín. Ẹ fi omi ọṣẹ yẹ gbogbo oríkèé wò. Sálẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí gáàsì bá ń jó, òun náà ń tú èéfín olóró carbon monoxide jáde.

Agbára ń dín kù: èyí tó ń gbé 7,500 lórí bẹntiróòlù, ẹ kà á sí 6,000. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kì í dí, ọ́ìlì ń pẹ́ kó tó dúdú. Nígbà ìjì Beryl ní July 2024, nígbà tí iná lọ nílé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù 2 lọ, ẹni tó ní èyí kò tò fún epo.

Ìwé ìlànà inú páálí kò sọ nǹkan kan nípa gígùn páìpù. Ìyẹn burú gan-an.

Ìràwọ̀: 5 nínú 5. Ẹni tí páìpù rẹ̀ kò bá tó ¾, kó ṣe ìyẹn ná kó tó rà á.