Búrọ́ọ̀ṣì ara àbí kànrìnkàn ìbílẹ̀? Ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó náwó l'Ékòó

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ti ariwo ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní ká máa fi ha ara gbígbẹ ká tó wẹ̀ kì í fa májèlé kankan jáde. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nìyẹn. Itan tó rí ṣákiṣàki kò ní torí rẹ̀ tẹ́jú, kò sí ẹ̀rí tó dúró fún un. Òkú awọ ló ń kó kúrò, ẹ̀jẹ̀ á sáré wá sábẹ́ awọ fúngbà díẹ̀, ara á sì máa dán. Kànrìnkàn tí àwọn ìyá wa fi wẹ̀ wá náà ń kó òkú awọ. Èyí tí kò ní kó awọ alààyè mọ́ ọn ni ká wá.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, ara fọ́nrán rẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ ni owó mi bá lọ. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí. Àkọ́kọ́ ni irun ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kọ "boar" sára páálí rẹ̀. Wọ́n ń pọ́n ọn lé gan-an, ṣùgbọ́n ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí n'Ísàlẹ̀ Èkó, irun ẹlẹ́dẹ̀ kò lè wọ balùwẹ̀ mi. Ó yẹ kí àwọn tó ń tà á fún àwọn Alhája máa la ẹnu sọ ọ́. Ìkejì ni fọ́nrán ewé sísálì àtàwọn ìbátan rẹ̀: ó le díẹ̀, ó dára. Ìkẹta ni ike.

Mo sọ fún ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé sísálì ni mo fẹ́. Ó ní sísálì ni, ó tún búra lé e. Iye tó gbà lọ́wọ́ mi kò sì jọ iye ike rárá. Nígbà tó yá, ojúgun mi àti eegun tó yọ lábẹ́ ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Àbúrò mi ló fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀, ó ṣáná sí i. Kí lẹ rò? Ó yọ́, ó ká róbótó, òórùn ike gba gbogbo pálọ̀. Mo pe onítọ̀hún, kò gbé e mọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Tó bá jẹ́ irun, òórùn irun jíjóná lẹ máa gbọ́. Sísálì á jó bíi ti ìwé, á di eérú. Ike á yọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Tí wọ́n bá ń ha awọ dúdú ní àhajù, ṣe ló máa ń dúdú sí i, àpá náà sì lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn dókítà awọ ní Japan ti ń kọ̀wé nípa àwọn tó fi aṣọ ìwẹ̀ onínáílọ́ọ̀nù ha ara títí tí orí eegun wọn fi dúdú. Kànrìnkàn aláwọ̀n tó wà nílé gbogbo wa, náílọ́ọ̀nù lòun náà, kí ẹ rọra lò ó.

Ti kànrìnkàn ìbílẹ̀, ojú lásán lẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Ìtàkùn tí wọ́n lù títí tó fi di fọ́nrán ni. Ó ṣòro kí wọ́n fi ike ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ẹ tó kọ́kọ́ lò ó, torí ó máa ń gún ara nígbà tó bá ṣì gbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń já, á sì dí ojú ihò omi balùwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ̀yìn: búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọwọ́ gígùn ló borí.

Ọyẹ́: búrọ́ọ̀ṣì náà ni, pàápàá fún ẹsẹ̀ tó bá funfun, ẹ wẹ̀, kí ẹ fi òrí pa á lẹ́yìn náà.

Ooru: kí iná tó dé, òógùn ti bo ara, búrọ́ọ̀ṣì kò sì wúlò lára tó tutù.

Ìtọ́jú: balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé á mú kí igi búrọ́ọ̀ṣì bu. Kànrìnkàn, ẹ fún un, ẹ sá a síta.

Ẹni tó ní làpálàpá, egbò tàbí ara tó sú, kó fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Ẹni tó ń fi ìpara bóra, awọ rẹ̀ ti lè fẹ́lẹ́, kó má dán búrọ́ọ̀ṣì wò. A kì í yá ara wa ní búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànrìnkàn lò, kódà láàárín tọkọtaya.

Ṣé mo wá ní kí ẹ má ra búrọ́ọ̀ṣì ni? Rárá o. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ń wọ balùwẹ̀ rẹ̀, tí iná rẹ̀ kì í lọ, tó rí sísálì gidi, tó sì ní sùúrù láti máa fọwọ́ fẹ́lẹ́ fà á láti ẹsẹ̀ lọ sókè sí àyà, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó rà á. Àwa yòókù, ká kọjá sọ́dọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní Ojúwòyè, Mushin. Ẹ gba èyí tó gùn, kó lè tó ẹ̀yìn.