Òǹtẹ̀, sítẹ́ńsìlì tàbí dáì: èwo lẹ máa kọ́kọ́ rà fún káàdì àfọwọ́ṣe?

Màmá kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lágbègbè Ìjìgbò, nílùú Adó-Èkìtì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń wá káàdì tó máa fi sínú ẹrù ọmọ tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Ó yẹ gbogbo káàdì tó wà lórí tábìlì wò, ó tò wọ́n padà jẹ́jẹ́, ó wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí èyí tó kí abiyamọ ní Yorùbá ni?" Kò sí. Gbogbo òǹtẹ̀ tí mo fi owó gidi rà, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ni mo fi ń díwọ̀n irinṣẹ́ káàdì: ṣé ó lè kí èèyàn bí a ṣe ń kí ara wa? Òun náà ni mo fẹ́ fi ṣe ìfiwéra yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tówó yín kò sì tó láti ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe

Òǹtẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba rí: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sí íńkì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Oríṣi méjì ni àwa oníkáàdì ń lò. Ọ̀kan ni rọ́bà pupa tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi. Èkejì mọ́ gaara bí omi, kò ní igi lẹ́yìn; ẹ̀yin lẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé ike kan tó nípọn, tó mọ́ bíi gíláàsì, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó. Èyí tó mọ́ gaara yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ojú yín á rí ibi tí ọ̀rọ̀ máa bọ́ sí gan-an lórí pépà.

Sítẹ́ńsìlì ni ike pẹlẹbẹ tí wọ́n gé àwòrán sí nínú. Ibi tó ṣí ni àwọ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ní Abẹ́òkúta, wọ́n máa ń gé àwòrán sára páànù, wọ́n á wá gba ojú ihò rẹ̀ fi ẹ̀kọ láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù sára aṣọ kó tó wọnú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní mú un. (Àwọn olùkọ́ àtijọ́ á rántí sítẹ́ńsìlì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìdánwò. Ìyẹn náà, ibi tó ṣí ni íńkì ń gbà kọjá.)

Dáì ní tirẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ mú. Ẹ máa dojú rẹ̀ kọ pépà, ẹ ó fi pátákó ike méjì há wọn láàárín, ẹ ó wá yí gbogbo rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí irin náà á fi gé pépà bí ìrísí rẹ̀ ṣe rí, ìbáà ṣe òdòdó, labalábá, fèrèsé yípo tàbí lẹ́tà. Dáì tí kò ní ẹ̀rọ kò wúlò. Mo tẹnu mọ́ èyí torí mo mọ ẹni tó ra dáì tó lé ní ogún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó rò pé ọwọ́ lòun máa fi tẹ̀ ẹ́ bí òǹtẹ̀.

Èwo ló lè kọ Yorùbá?

Káàdì lè rẹwà títí, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n máa kà sókè fún ẹni tó jókòó tì wọ́n. Ìkíni wa sì pọ̀, kálukú ló ní àsìkò tirẹ̀: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú oríire, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọdún, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mi ò tíì rí ìkankan nínú wọn lára òǹtẹ̀ tó wá láti Ṣáínà tàbí Amẹ́ríkà.

Ibí yìí ni òǹtẹ̀ ti gbégbá orókè lójú tèmi, torí a lè ṣe é nílé. Àwọn tó ń ṣe sítáǹpù ọ́fíìsì wà nílùú Adó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn onítẹ̀wé. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe sítáǹpù fún ọ̀gá iléèwé náà ni wọ́n máa fi ṣe "Ẹ kú oríire" fún yín. Àmọ́ ẹ má ṣe pe ọ̀rọ̀ náà fún wọn lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì orí kọ̀ǹpútà ni kì í gbé àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pọ̀ dáadáa; àmì orí lẹ́tà lè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, tìsàlẹ̀ sì lè pòórá. Ẹ fúnra yín tẹ ọ̀rọ̀ náà, ẹ sọ ọ́ di àwòrán tàbí PDF, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde lórí pépà kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gé rọ́bà. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà tóbi díẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ti kéré jù, íńkì á bo àmì abẹ́ ọ mọ́lẹ̀, "ọkọ" á sì di "oko" lórí káàdì ìgbéyàwó.

Owó ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ tó kàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe òǹtẹ̀ tèmi, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni mo ní kí wọ́n gé ní odidi. Màmá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà wá, inú rẹ̀ dùn láti rí i, ó wá sọ pé, "Ṣé ọmọ tí mo bí ni mo máa wá pè ní ẹ?" Òótọ́ ló sọ. Látìgbà yẹn, mo máa ń ní kí wọ́n gé Ẹ sọ́tọ̀, kí KÚ EWU ỌMỌ sì dá wà, gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá kí wọ́n lè bára mu. Tó bá jẹ́ àgbà la fẹ́ kí, a ó fi Ẹ síwájú. Tó bá jẹ́ ọmọ tàbí àbúrò, a ó yọ ọ́. Òǹtẹ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ méjì nìyẹn.

Dáì lẹ́tà ńkọ́? A dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tà. Ẹ máa sanwó C, Q, V, X àti Z tí Yorùbá kò lò, ẹ ò sì ní bá Ẹ, Ọ àti Ṣ níbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń gé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, mo sì ń fi ẹ̀mú kékeré lẹ̀ wọ́n ní kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń rẹwà gan-an, torí lẹ́tà tí wọ́n gé máa ń yọ sókè lórí káàdì, ẹ lè fọwọ́ kàn án. Fún káàdì márùn-ún, iṣẹ́ tó dùn ni. Ẹni tí wọ́n bá wá ní kó ṣe ọgọ́rùn-ún á mọ̀ pé àmì kéékèèké ń jẹ àkókò.

Sítẹ́ńsìlì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ lè fúnra yín gé e, àmì ìsàlẹ̀ kò sì le rárá, ihò kékeré kan ni. Ohun tó le ni lẹ́tà tó ní àárín, bí O, A, B àti D. Tẹ́ ẹ bá gé O yípo, àárín rẹ̀ á já bọ́, ihò ràbàtà lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tó so àárín mọ́ ìta. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ kúkúrú tó rí gàdàgbà ló yẹ sítẹ́ńsìlì, bí ỌPẸ́ tàbí AYỌ̀. Ẹ fi ìkíni gígùn sílẹ̀ fún òǹtẹ̀.

Ike tó dára jù tí mo tíì fi gé sítẹ́ńsìlì ni fíìmù X-ray àtijọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú Jik níta gbangba, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, dúdú ara rẹ̀ á ṣí kúrò, ike tó mọ́ lá ṣẹ́kù. Orúkọ aláìsàn sábà máa ń wà ní igun fíìmù náà. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gé ibẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ sì gé e wẹ́wẹ́, torí àṣírí ẹlòmíì ni. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá àwòrán tẹ́ ẹ máa gé, ẹ má jìnnà sílé. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n pàtẹ ní Wembley nílùú Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1924 tó sì wà ní British Museum di òní, kún fún ọnà lẹ́yìn àwọn ère orí rẹ̀. Irú ọnà yẹn ni sítẹ́ńsìlì mọ̀ ọ́n ṣe jù: èyí tó bo ojú káàdì látòkè délẹ̀, tí ìkíni á wá jókòó sórí rẹ̀.

Owó

Iye ọjà ń yí padà pẹ̀lú dọ́là, nítorí náà ọ̀nà ìṣírò ni mo máa fún yín. Sítẹ́ńsìlì ló fúyẹ́ jù lápò: ike, íńkì, ègé fóòmù tẹ́ ẹ máa fi pa á, àti téèpù. Òǹtẹ̀ tẹ̀ lé e. Dáì ló wọ́n jù níbẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ, pátákó ike rẹ̀ sì máa ń gbó: etí dáì máa ń ha á títí á fi tẹ̀, ẹ ó sì máa rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ẹ̀rọ àti dáì díẹ̀ jẹ́ ₦150,000 (àpẹẹrẹ ni o). Tẹ́ ẹ bá fi ṣe káàdì 50 péré, ₦3,000 ti wọ orí káàdì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó ra pépà. Tẹ́ ẹ bá fi ṣe 1,000, ₦150 ni. Ẹni tí kò bá tíì ní oníbàárà tó dájú, kó má tíì ra ẹ̀rọ.

Nínú àwọn ẹ̀rọ, Sidekick ti ilé iṣẹ́ Sizzix kéré, nǹkan bí íǹṣì 2.5 ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀. Lẹ́tà àti òdòdó kékeré ló lè gé. Ẹnu Big Shot, ti Sizzix náà, jẹ́ íǹṣì 6. Big Shot Plus gba odidi A4. Àwa tá a ń gé A4 sí méjì, tá a wá ká ọ̀kọ̀ọ̀kan, káàdì tiwa jẹ́ mìlímítà 105 sí 148, tó túmọ̀ sí pé ẹnu íǹṣì 6 ti tó wa. Ẹ̀rọ tó ń lo iná wà, bíi Gemini, àmọ́ ọlọ́wọ́ ni mo gbà yín nímọ̀ràn, kí iṣẹ́ oníbàárà má bàa dúró de iná. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú dáì kan àti pépà dání. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mẹta níwájú ẹni tó ń tà á, lápá òsì, láàárín, lápá ọ̀tún. Tí apá kan bá ń gé tí èkejì kò gé, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Ẹ béèrè pátákó ike rẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ń tà á láìsí i.

Ẹ̀rọ Cricut yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí, torí abẹ kékeré inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohun tẹ́ ẹ yà lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Ó lè gé Ẹ àti Ọ pẹ̀lú àmì wọn, ó sì lè gé sítẹ́ńsìlì. Ẹni tó bá ní owó rẹ̀ àti iná tó dúró, kò ní kábàámọ̀.

Oòrùn, òjò àti ọyẹ́

Òǹtẹ̀ tó mọ́ gaara kórìíra oòrùn. Mo gbàgbé mẹ́rin sójú fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Wọ́n pọ́n, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, wọn ò tẹ̀ dáadáa mọ́. Inú páálí ni mo ń kó wọn sí báyìí. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti fi fọ̀ wọ́n. Rọ́bà pupa le jù wọ́n lọ.

Nígbà òjò, íńkì oríṣi píígímẹ́ńtì máa ń pẹ́ gbẹ, ẹ má tíì kó káàdì jọ lórí ara wọn. Oríṣi íńkì kejì tí wọ́n ń pè ní "dye" (kì í ṣe dáì onírin o), tó máa ń tètè gbẹ, oòrùn máa ń jẹ àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá gbé káàdì kọ́ ògiri pálọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ sókè kó sì máa dán, ó lè da lúbúlúbú pàtàkì tí wọ́n ń tà fún un sórí íńkì píígímẹ́ńtì tó ṣì tutù, kó gbọn èyí tó kù dànù, kó wá fi ẹ̀rọ amóoru tí wọ́n ṣe fún un yọ́ ọ. Atẹ́gùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò gbóná tó, á sì fẹ́ ẹ dànù. Tí kò bá sí ẹ̀rọ rẹ̀, mo máa ń gbé ẹ̀yìn pépà sókè díẹ̀ lórí áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ó máa ń yọ́.

Sítẹ́ńsìlì kò bẹ̀rù oòrùn, ọwọ́ tó wúwo ló ń bà á jẹ́. Tí íńkì bá pọ̀ lára fóòmù, á gba abẹ́ ike wọlé. Ẹ kọ́kọ́ nu fóòmù sára pépà àlòkù títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ tó máa pa á yíyípo látẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa dé páàdì íńkì lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí dáì ti borí

Aṣọ ni. Àwọn oníyàwó máa ń mú ègé aṣọ ẹbí wá pé ká fi sára káàdì, iṣẹ́ yìí sì lè mówó wọlé. Dáì pẹlẹbẹ kì í gé ànkárá lásán dáadáa, etí aṣọ náà á máa tú. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù sitéè àwọn télọ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ náà kó le bíi pépà, ẹ ó rí bó ṣe máa gé. Fún aṣọ òkè tó nípọn, dáì onípọn tó ní fóòmù nínú ló lè gé e, Big Shot sì gbà á. Òǹtẹ̀ àti sítẹ́ńsìlì kò lè ṣe irú èyí.

Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ máa ta káàdì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Adó tàbí Ọ̀yẹ́, kó gé sítẹ́ńsìlì méjì, kó sì ṣe òǹtẹ̀ kan tó kọ KÚ ORÍIRE, pẹ̀lú Ẹ rẹ̀ lọ́tọ̀. Olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ ìjọba tó ń fi ìrọ̀lẹ́ ṣe é lè fi òǹtẹ̀ ìkíni mẹ́ta sí i. Ẹni tó bá ti ń gba iṣẹ́ ìgbéyàwó léraléra ni kó ra Big Shot. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fi owó sílẹ̀ fún pépà tó nípọn, gíráàmù 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pépà fọ́tòkọ́pì gíráàmù 80 kì í dá dúró lórí tábìlì, íńkì sì máa ń là á kọjá.